Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó: Ọ̀rọ̀ Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Onítáyà Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ kékeré kan wà nílẹ̀ fún yín. Ẹnì kan nítòsí yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. Bí kì í bá ṣe nínú ẹbí, á jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, tàbí ní òkè ilé yín. Ẹ ó dáwó. Ẹ sì mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ nígbà tí owó bá pé: "Ẹ jẹ́ ká ra kẹ̀kẹ́ ọmọ onítáyà mẹ́ta yẹn fún wọn. Ó gbayì."

Ó gbayì lóòótọ́. Àmọ́ ẹ má tíì sanwó.

Ẹ pe ìyá ọmọ ná. Ẹ bi í: àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ìta dé ẹnu ọ̀nà yín? Ṣé lífìtì ilé yín ń ṣiṣẹ́, àbí ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́? Ṣé mọ́tò ara yín lẹ máa ń gbé ni, àbí bọ́ọ̀sì lẹ máa ń wọ̀? Báwo ni ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó? Kí wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè. A ó gbé páálí ńlá dé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a ó ya fọ́tò, a ó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a ó máa lọ ilé wa. Ìyá ọmọ ló máa wá rí i lọ́jọ́ kejì pé kẹ̀kẹ́ náà kò gba ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Eré sísá ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ní 1984, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Phil Baechler, ní ìlú Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, fẹ́ máa gbé ọmọ rẹ̀ dání bó bá ń sáré. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ayé ìgbà náà kò gbà fún un. Ó bá so táyà bàsíkùlù mọ́ ọn, ó pè é ní Baby Jogger. Ibẹ̀ ni táyà ńlá ti wá. Ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti wá.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1965, ọmọ Britain kan, Owen Maclaren, ti ro tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹnjiníà ọkọ̀ òfúrufú ni. Ó wà lára àwọn tó ṣe ẹsẹ̀ tí bàálù ogun Spitfire fi ń balẹ̀. Òun ń wá kẹ̀kẹ́ tí kò wúwo, tí èèyàn lè ká bí agboorùn kó sì gbé e há abíyá.

Ẹ ti rí i. Ọ̀kan wà fún eré, ọ̀kan wà fún ìrìn-àjò. Èwo ni ìyá ọmọ yín ń ṣe jù?

Bó bá jẹ́ Burgess Park ló ń rìn láràárọ̀, tàbí orí koríko Plumstead Common ló ń gbà kọjá, ẹ ra onítáyà mẹ́ta fún un, ẹ má bẹ̀rù. Ẹrẹ̀ kò ní dá a dúró. Òkúta wẹ́wẹ́ kò ní máa gbo ọmọ jìgìjìgì. Ó tún máa ń yí wẹ́rẹ́. Lórí Rye Lane ní Peckham, níbi tí páálí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti gba ìdajì ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọwọ́ kan lèèyàn fi ń darí rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ o. Iwájú tó rí tín-ín-rín ló ń tan wá jẹ. Ẹ̀yìn ló fẹ̀, ẹ̀yìn ló sì máa ń há sẹ́nu ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ àti àtẹ̀gùn alájà mẹ́ta tí kò ní lífìtì, ẹ ra èyí tó fúyẹ́ fún un. Kò ní gbayì nínú fọ́tò. Ìyá ọmọ á máa ṣàdúrà fún yín.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra yín. Ẹ má fojú fọ́tò orí fóònù rà á. Kẹ̀kẹ́ tó ṣófo máa ń rọrùn tì, kò sí èyí tí kò rọrùn tì nínú wọn. Nítorí náà, ẹ ra àpò ìrẹsì kílò mẹ́wàá lọ́nà, ẹ gbé e sórí ìjókòó, ẹ de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa wò yín. Kí wọ́n máa wò. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í. Ẹ yí i ní kọ̀rọ̀ kíákíá, kí ẹ wò ó bóyá táyà ẹ̀yìn kan ń gbéra nílẹ̀, torí onítáyà mẹ́ta lè dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan béèyàn bá ṣẹ́ kọ́ọ̀nà lójijì. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ tún tì í. Bó bá sún, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ gbé ìrẹsì sọ̀ kalẹ̀, ẹ ká kẹ̀kẹ́ náà, ẹ gbé e sókè. Bó bá wúwo lọ́wọ́ ẹ̀yin tára yín le, báwo ló ṣe máa rí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ?

Ó tún ku nǹkan kan, òun ló sì jà jù. Ẹ lóṣòó, ẹ wo táyà iwájú. Ẹ dì í mú, ẹ mì í. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí, táyà iwájú ṣeé yọ kí ó lè wọnú búùtù mọ́tò. Ohun tó ṣeé yọ lè yọ fúnra rẹ̀. Ní 2018, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọjà pe ilé-iṣẹ́ kan lẹ́jọ́, nítorí pé táyà iwájú kẹ̀kẹ́ wọn ń yọ lójú ọ̀nà bí wọn kò bá dè é dáadáa. Nígbàkigbà tí ẹ bá dá táyà náà padà, ẹ dè é, ẹ gbé iwájú sókè, ẹ fà á. Bí kò bá yẹ̀, ẹ máa lọ. Kí ẹ tún wá ibi tí wọ́n ti ń tì í pa kó má yí sọ́tùn-ún sósì mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sáré gbọ́dọ̀ tì í pa kó tó gbéra, kó sì so okùn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọmọ jòjòló kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sáré o. Ó kéré tán kó ti tó oṣù mẹ́fà, kí ọrùn rẹ̀ ti le, kó sì lè dá jókòó. Àwọn ilé-iṣẹ́ míì ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ wá. Títí dìgbà náà, ìjókòó tó lè tẹ́ pẹrẹsẹ ni ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ sùn sí. Bí ti inú ṣọ́ọ̀bù kò bá tẹ́, kì í ṣe ti ọmọ tuntun, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Ẹ wo bẹ́líìtì: méjì léjìká, méjì níbàdí, ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀. Ẹ wá BS EN 1888 lára rẹ̀. Ìlànà ààbò kẹ̀kẹ́ ọmọ nìyẹn. Ó tán.

Kẹ̀kẹ́ ti délé? Ẹ má tíì jókòó.

Màmá ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ. Màmá ti pọn ọmọ méje, wọn kò ti kẹ̀kẹ́ rí. Ta ló máa fi bíréèkì hàn wọ́n? Ẹ̀yin ni. Ẹ bọ́ sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú wọn. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, Mà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tún tì í wò, Mà." Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ wọn á fi mọ̀ ọ́n. Ibùdókọ̀ máa ń dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, táyà ńlá kò sì mọ ibi tó ń dúró sí.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má fi àpò ọjà kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí a bá gbé ọmọ kúrò lórí ìjókòó, iṣu á fa kẹ̀kẹ́ dojú sókè. Bí ọmọ bá ṣì wà nínú rẹ̀, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí iṣu máa gbé.

Aṣọ bíbò ń kọ́? A fẹ́ràn ká ta ìborùn bo ọmọ lójú oòrùn. Ẹ ṣí i. Ní 2014, ìwé ìròyìn Svenska Dagbladet ní Sweden dán an wò. Kẹ̀kẹ́ tí wọn kò bò gbóná dé ìwọ̀n 22 lórí Celsius. Wọ́n ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ó di 34 láàárín ìdajì wákàtí. Nígbà tó fi máa pé wákàtí kan, ó ti di 37. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìyẹn o, kì í ṣe ankárá alámẹ́jì. Agboorùn tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ kò wọ́n. Ẹ ra ìyẹn kún ẹ̀bùn yín.

Bí ìjókòó bá ṣeé yí padà, ẹ yí ojú ọmọ sí ẹni tó ń tì í. Suzanne Zeedyk ti Yunifásítì Dundee àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wo ohun tó ju 2,700 òbí àti ọmọ lọ lójú pópó, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Òbí tó ń rí ojú ọmọ ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé àwọn ọmọ wa kò gbọ́ Yorùbá mọ́, ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rèé. Láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù Morrisons, ẹ kì í. Ẹ sọ oríkì rẹ̀ fún un. Ẹ fi bọ́ọ̀sì pupa hàn án. Kò ná yín lówó kankan.

Ní ti bọ́ọ̀sì náà, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ara wa. Àyè tí à ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ sí, àwọn aláàbọ̀ ara tó ń lo àga onítáyà ló kọ́kọ́ ni ín. Ọ̀gbẹ́ni Doug Paulley kò rí ọkọ̀ wọ̀ ní 2012 nítorí kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọn kò ká. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Britain. Ní January 2017, wọ́n ní kò tó kí awakọ̀ kàn bẹ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kó sì mẹ́nu kúrò. Ẹ má dúró de awakọ̀. Ẹ ká a. Ẹ máa fi ọ̀já sínú apẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà gbogbo. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọlé, ẹ pọn ọmọ, kí ẹlòmíì bá yín ká kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí ẹ ń wo fóònù, ẹ̀yin ni ẹlòmíì yẹn. Ẹ dìde.

Ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 272. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré lèèyàn ti lè wọlé jáde láìgun àtẹ̀gùn. Bí ẹ bá rí ìyá kan tó dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹ má kọjá. Ẹ bi í, "Ṣé kí n bá yín gbé e?" Bó bá gbà, ẹ di irin iwájú mú. Ẹ má di táyà mú, ó ń yí. Ẹ má di ọ̀pá tó dábùú iwájú ọmọ mú, ó lè já. Kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá ọmọ wà lápá òkè, níbi tó ti lè máa wo ọmọ rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀yin tí kẹ̀kẹ́ wà ní yàrá ẹrù yín láti ìgbà tí ọmọ ti wọ ilé-ìwé. Ẹ mọ ara yín. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ẹ gbé e jáde lónìí. Ẹ fọ ìjókòó, ẹ gbọn búrẹ́dì inú rẹ̀ dànù. Ẹ fẹ́ táyà: iye afẹ́fẹ́ tó gbà wà lára táyà fúnra rẹ̀. Páǹpù ọwọ́ ni kí ẹ lò, torí ẹ̀rọ ilé epo lè bẹ́ ẹ. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí i bóyá ilé-iṣẹ́ ti ní kí wọ́n dá a padà. Ẹ wá ìwé rẹ̀ rí, ẹ fi há a.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹni tó nílò rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń pín ohun èlò ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, bíi Little Village. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tì í sínú àgbá ẹrù tó ń lọ sílé, ẹ kọ́kọ́ bi ará ilé bóyá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà ládùúgbò wọn. Mo ti mọ ìdáhùn ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kó tó di alẹ́, ẹ fi sórí WhatsApp àdúgbò. Ẹ kọ iye ọdún tó ti lò, ẹ kọ bí táyà ṣe rí. Bí bíréèkì kò bá mú dáadáa, ẹ kọ ìyẹn náà.