Iná Tó Ga Jù

Cape Town ni mo wà lóṣù tó kọjá, níbi tí mo ti lọ kí àbúrò mi ọkùnrin. Kí n má parọ́, àárín wa kò gún mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é lórí fóònù, ìmọ̀ràn ni mo máa ń gbà á. Nígbà tó yá, kì í gbé ìpè mi mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó mú mi lọ sí Cape Point, lára ọgbà Table Mountain tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ń dáàbò bò láti ọdún 1998. Ẹsẹ̀ la fi gun òkè náà. Afẹ́fẹ́ ń jà mọ́ wa lára. Nígbà tí a dé òkè, mo wo ìsàlẹ̀: àpáta dúró ṣánṣán, ìgbì òkun ń hó funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ilé iná àtijọ́ kan wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní 1859 láti máa tọ́ àwọn atukọ̀ sọ́nà. Ó fi ohun tó lé ní mítà 200 ga ju ojú omi lọ. Gíga yìí gan-an ló di ìṣòro rẹ̀: kùrukùru a máa bò ó, àwọn atukọ̀ kì í sì í rí i. Ní 1911, Lusitania, ọkọ̀ òkun àwọn Potogí, forí sọ àpáta nítòsí ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ́ òmíràn sísàlẹ̀, ní mítà 87 péré sí ojú omi. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1919.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí tán sí i létí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Bí ẹ ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Òótọ́ lẹ ń sọ, àmọ́ òkè lẹ máa ń dúró sí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún un. Mo wá bi í ní ohun tí n kò bi í rí láti ìgbà tó ti kúrò nílé: "Ṣé ara ń dẹ̀ ọ́ níhìn-ín?" Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun láti oṣù mẹ́ta. N kò gbà á nímọ̀ràn kankan. Mo kàn jókòó tì í.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n bíi tèmi, ẹ jẹ́ kí a máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.