Bọ́bìn kì í ṣe bobine

Ẹni tí ó bá rìn kọjá ní ìgboro Bánígbé kò ní pẹ́ gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Nídìí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, ọmọ iṣẹ́ wà tí ọ̀gá máa ń rán lọ sọ́jà. Nínú ohun tí a ń rán an, ọ̀kan wà tí ó kéré púpọ̀, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́: kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tí a ń wé òwú ìsàlẹ̀ sí. Nínú àpilẹ̀kọ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ bí a ṣe ń yan án, a sì fẹ́ sọ ìdí tí àṣìṣe rẹ̀ kì í fi í ṣe ẹ̀bi ọmọ iṣẹ́ nìkan.

Orúkọ ni wàhálà àkọ́kọ́. Èdè púpọ̀ ni àwa ará ẹnubodè fi ń nájà. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lápá Ìdírókò, tàbí tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, a máa pe kẹ̀kẹ́ yìí ní bọ́bìn, nítorí pé láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú Yorùbá. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tí ń sọ Faransé, bobine ni òwú ńlá tí a rà lọ́jà, èyí tí a ń gbé ka orí ẹ̀rọ. Kẹ̀kẹ́ kékeré ti ìsàlẹ̀ ni canette; ilé irin tí ó ń wọ̀ sí ni boîte à canette. Nítorí náà, ọmọ tí a rán ní bọ́bìn láti Bánígbé lọ sí Àjàṣẹ́ lè béèrè bobine, kí wọ́n sì gbé òwú fún un. Ọmọ náà kò purọ́, olùtajà kò sì rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni etí wọn gbọ́, ohun méjì ni ọkàn wọn rò.

Kí ni iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí gan-an? Ní ọdún 1830, ará Faransé kan, Barthélemy Thimonnier, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìránṣọ tí ń lo òwú kan ṣoṣo. Òwú náà so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n: bí ó bá já níbì kan, tí a sì fà á, gbogbo rẹ̀ lè tú. Ní ọdún 1846, Elias Howe gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ olówú méjì: ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń di ara wọn mú nínú aṣọ. Ọ̀nà yìí náà ni ẹ̀rọ wa ń gbà ránṣọ títí dòní. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí canette kò bá yí geere, òwú òkè kò rí ẹni bá di ọwọ́ mú.

Wàhálà kejì ni ìwọ̀n. Ẹ̀rọ dúdú tí a ń fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yí, irú Singer kíláàsì 15 àti àwọn tí wọ́n ṣe ní àfijọ rẹ̀ bíi Butterfly ti ilẹ̀ Ṣáínà, ń lo canette onírin tí ojú rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 20, ó sì ga ju 11 lọ díẹ̀. Ti kíláàsì 66 fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wú díẹ̀ bí ẹ̀yìn àwo, kò sì ga tó ti 15. Ti ẹ̀rọ oníná tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ránṣọ sábà máa ń fẹ̀ tó 21, gíga rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 9 lọ. Àwọn Singer àtijọ́ kan tilẹ̀ wà tí canette wọn gùn tín-ín-rín, tí ó ń wọ inú ilé tí ó dà bí ọkọ̀ ojú omi. Yàtọ̀ sí ti ìkẹyìn yìí, mìlímítà kan sí mẹ́ta péré ni ó pààlà láàárín wọn. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò mọ̀ ọ́n.

Ike tàbí irin ńkọ́? Irú èyí tí ó bá ẹ̀rọ wá ni kí a tẹ̀ lé. Ti irin nínú ẹ̀rọ tí a ṣe fún ike wúwo jù, ó sì lè ha ibi tí ó jókòó sí. Ti ike nínú ẹ̀rọ tí a ṣe fún irin fúyẹ́ jù, bí a bá sì wé òwú le jù sí i, ó lè là.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rán ọmọ iṣẹ́ ní orúkọ lásán. Ẹ fún un ní canette àtijọ́ kan mú lọ́wọ́. Kí ó gbé àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì láti wo gíga wọn, kí ó sì gbé ọ̀kan lé èkejì lórí láti wo fífẹ̀ wọn. Kí ó fi ìka ra etí rẹ̀ yíká. Bí ó bá tẹ̀, tàbí tí ibì kan mú lára rẹ̀, kí ó dá a padà. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó mú ilé canette dání pẹ̀lú. Tuntun náà gbọ́dọ̀ yí nínú rẹ̀ láìha, kò sì gbọdọ̀ máa jó kiri.

Bí ó bá délé, ẹ wé òwú sí i ní dọ́gbadọ́gba, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó kún kọjá etí. Ẹ fi í sínú ilé rẹ̀, ẹ di òwú mú, kí ilé náà máa fì. Bí ó bá ń já bọ́ fúnra rẹ̀, òwú dẹ̀ jù. Bí ẹ bá mi ọwọ́ díẹ̀ tí kò sì sún rárá, ó le jù. Èyí tí ó sún díẹ̀ tí ó sì dúró ni ó dára. Ṣùgbọ́n bí òwú bá dì jọ lábẹ́ aṣọ, òwú òkè tí a kò fi gba ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ó sábà máa ń fà á. Ẹ tún un fi sí kí ẹ tó dá canette lẹ́bi.

Owó canette kan kéré. Aṣọ oníbàárà tí ó bàjẹ́ nígbà tí ọjọ́ ìnáwó kù sí dẹ̀dẹ̀ kò kéré. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ni a máa ń bú, nígbà mìíràn a tún ní kí ó san án. A bẹ ẹ̀yin ọ̀gá: kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àpótí canette tirẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ méjèèjì sí i lára. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ́ orúkọ náà lédè méjèèjì, nítorí ìwé ìlò ẹ̀rọ tí a kọ ní Faransé kò ní pè é ní bọ́bìn fún yín. Ọmọ tí ó mọ orúkọ àti ìwọ̀n ohun èlò rẹ̀, ì báà nájà níhìn-ín, ì báà nájà lódì kejì ẹnubodè, ohun tí ó wá ni yóò mú délé.