Òjò kan kò tó gbin àgbàdo o!

Bí oṣù kẹta bá ti dé ní Ìjàn-Èkìtì, tí òjò kan péré bá fi lè rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀ Sátidé ló máa ń di wàhálà. Tíṣà ń wá ọkọ́ kiri, nọ́ọ̀sì ń pọ́n àdá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́lì Ìjọba Àpapọ̀ àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá lójú ọ̀nà Adó sí Ìjàn náà ti ká ṣòkòtò sókè. Gbogbo wọn fẹ́ gbin àgbàdo sẹ́yìnkùlé. Ta ni yóò bá wọn wí? Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí oúnjẹ gbówó lórí gegere, ẹni tó nílẹ̀ bí ẹní méjì lẹ́yìn ilé tí kò lò ó, òun ló mọ ohun tó ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ ti ń dojú rú rèé. Ẹlẹ́tàn ni òjò àkọ́rọ̀. Ó lè ya wá lónìí bí ẹni tó ti dé tán, kó tún gbàgbé ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Àgbàdo tó ti hù á gbẹ, owó irúgbìn á wọmi. Níbẹ̀ ni ìjà ilé ti ń bẹ̀rẹ̀: “Bàbá àwọn ọmọ, mo ní kẹ́ ẹ ní sùúrù. Kóńgò àgbàdo tí mo fẹ́ fi ṣe ògì lẹ lọ sin sílẹ̀ yẹn!”

Àwọn kan á ní, “Ṣebí àmì ti wà?” Òótọ́ ni. Isu inú àká ti yọ ọ̀mùnú, ewúro tí ẹ̀ẹ̀rùn hó lára ti ń rúwé, òdòdó máńgòrò ti rẹ̀, ó ti so wẹ́wẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: gbòǹgbò igi ń lọ jìnnà nísàlẹ̀, isu sì ní oúnjẹ tiẹ̀ nínú ara. Wọ́n ń sọ pé ọdún ti ń yí ni, wọn ò sọ pé òjò ti fìdí múlẹ̀. Èsúnsún tó ń fò yí iná ká lálẹ́ náà, òjò àná ló ń ròyìn, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ wò lẹ́yìn òjò. Bó bá jẹ́ òkè nìkan ló tutù, tí eruku ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ da irúgbìn padà sínú ike. Bí òjò gidi bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ilẹ̀ sì tutù wọnú, ẹ lè gbìn ín. Lọ́pọ̀ ọdún, ó máa ń di oṣù kẹrin. Àjọ NiMet náà ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, ẹ máa tẹ́tí sí rédíò.

Kí lẹ ó máa ṣe títí dìgbà náà? Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, garawa omi kan láàárọ̀ tó wọn. Ewédú ń ya ọ̀lẹ láti hù o, torí náà, ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, kẹ́ ẹ rì í bọ omi tó ń hó, kẹ́ ẹ ka ení dé márùn-ún, kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ lè tọ́ ata sínú abọ́ tó ti jò. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó ewébẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó.

Nígbà tí àgbàdo bá sì hù, ẹ máa yẹ àárín ewé rẹ̀ wò láràárọ̀. Láti ọdún 2016 ni kòkòrò kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti wọ Nàìjíríà, ọ̀mùnú àgbàdo ló ń jẹ. Ẹ ṣà á, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹni tó bá fẹ́ se àgbàdo tuntun jẹ lóṣù keje, kó fara balẹ̀ lóṣù kẹta.