Òpó Tí Ó Kúrò Nínú Ilé: Ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Oríkì orílẹ̀ Òpómúléró wà lára ohun tí olùkọ́ fi ń ṣí akẹ́kọ̀ọ́ létí sí ẹwà èdè Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́ ọ sórí, a sì túmọ̀ orúkọ náà: òpó tí ó mú ilé ró. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bèèrè irú òpó tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, ibi tí ó ń dúró sí nínú ilé, àti ohun tí ó gbé ró, ìdáhùn kì í sábà wá. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu, ilé tí ó bí ọ̀rọ̀ kò sí lójú mọ́. Ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì fi hàn bí àdánù yìí ti tó.

Ilé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, inú ni ó kọjú sí. Amọ̀ tí a pò, tí a mọ ní ìpele-ìpele, ni ògiri rẹ̀. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Àwọn iyàrá a yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a sì wà láàárín iyàrá àti àgbàlá. Òrùlé a rọ̀ sí inú, omi òjò a máa dà sí àárín, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni ipò òpó. Ilé mẹ̀kúnnù lè ní àgbàlá kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ti ààfin a máa pọ̀: ti ìgbàlejò, ti ìdájọ́, ti ìbọ, ti àwọn olorì. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí àlejò fi gbọ́dọ̀ dúró ní àgbàlá kan tí kò sì gbọdọ̀ dé èkejì ti mọ púpọ̀ nínú ètò ìṣàkóso ìlú.

Láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ṣiṣẹ́ ọnà fún ààfin Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni a bí i sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó fi ṣe ilé, níbi tí ó ti sin Arínjalẹ̀; ó sì kú ní 1938. Lórí ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́ fún Ògògà, ọba jókòó pẹ̀lú adé, ẹyẹ sì bà lé orí adé náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì àgbà dúró, ó ga ju ọba lọ, ó gbé ọwọ́ lé àga rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ọba ni ó jókòó, ṣùgbọ́n obìnrin ni ó gbé ilé ró. Ní ti ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́, apá kan fi Ògògà hàn lórí ìtẹ́, apá kejì fi Captain Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó, hàn bí àwọn alárùù ti gbé e wá kí ọba. Ìtàn ìlú ni a kọ sára igi yìí.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní London. British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìtẹ́ tí a ṣe ní Ìlú Ọba. Òpó tí a mẹ́nu bà lókè wà ní Art Institute of Chicago, ní Amẹ́ríkà, láti 1984.

Àwọn kan yóò ní ó sàn bẹ́ẹ̀, pé ìbá ṣe pé wọ́n wà nílé, ikán ìbá ti jẹ wọ́n, tàbí kí òjò ti bà wọ́n jẹ́. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ikán kì í mọ iṣẹ́ ọnà yàtọ̀ sí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n igi ni wọ́n tọ́jú, wọn kò tọ́jú ilé. Òpó tí kò ní òrùlé lórí, tí kò ní àgbàlá níwájú, kò mú ilé kankan ró mọ́. Bí wọ́n tilẹ̀ dá a padà lọ́la, kí ni yóò jẹ́ lójú ọ̀dọ́ tí kò mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàtọ̀ sí àgbàlá?

Níbí ni iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá wà. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan agbo ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò rẹ̀, ìbáà ṣe ààfin tàbí ilé mẹ̀kúnnù. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé, kí wọ́n ya àwòrán bí iyàrá àti àgbàlá rẹ̀ ṣe tò, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀yà ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè ibẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ ọ àti àwọn tí ó ti gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò béèrè owó ńlá, ṣùgbọ́n kò lè dúró pẹ́, nítorí búlọ́ọ̀kù àti páànù ń gba ipò amọ̀ àti koríko, àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ nǹkan sì ń lọ.

Kò sí olùkọ́ tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òpó kúrò ní Chicago. Ṣùgbọ́n ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ pé, nígbà tí ọmọ bá tún ka oríkì Òpómúléró ní kíláàsì, kí ọmọ náà lè na ọwọ́ sí ibi tí òpó ń dúró sí.