Opó Ẹlẹ́ja àti Owó Ìwàásù

Ọ̀rọ̀ ìjọ Ọlọ́run ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbínú kà á.

Ẹni tí ó bá mọ Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé oríṣiríṣi ẹ̀yà ni ó ń gbé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin a kọrí sí èbúté Àpápá láti wá iṣẹ́ òòjọ́, àwọn obìnrin a sì gbé igbá lọ sí ọjà. Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, Ìgbò ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Íjọ̀, Úròbò, Ìlàjẹ àti Haúsá. Ajé gúnlẹ̀ ni wọ́n pe àdúgbò náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni ajé gúnlẹ̀ sí.

Mo bá ìjọ kan ṣe ìkórè níbẹ̀. Wọ́n dá owó ńlá fún ìwàásù láàárín àwọn ẹ̀yà tí ó jìnnà réré, inú mi sì dùn. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pín ìrẹsì fún àwọn opó. Ọmọ ìjọ náà ni obìnrin Íjọ̀ kan tí mo máa ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ rẹ̀, opó sì ni, ṣùgbọ́n n kò rí i láàárín wọn. Nígbà tí mo bi í léèrè ní ìsọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi pijin dá mi lóhùn pé Yorùbá ni wọ́n fi kéde pé kí àwọn opó wá kọ orúkọ sílẹ̀. Òun gbọ́ ariwo, òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Irú ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Ẹ ṣí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé a ń gbàgbé àwọn opó wọn nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé kí wọ́n lọ kọ́ èdè Hébérù. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí rere sí. Orúkọ Gíríìkì ni orúkọ àwọn méjèèje. Níkólásì ará Áńtíókù kì í tilẹ̀ ṣe Júù láti ìbí. Lẹ́yìn èyí ni a kà pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbilẹ̀ sí i.

Àwọn kan yóò wí pé ìwàásù ni iṣẹ́ ìjọ, kì í ṣe ìpín oúnjẹ. Lóòótọ́, àwọn àpọ́sítélì kò fi ìwàásù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ebi àwọn opó sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn yóò ní kí àlejò kọ́ èdè onílé. Ó dára, ṣùgbọ́n ebi kì í dúró de ẹ̀kọ́ èdè.

Àwa Yorùbá gan-an kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní 1844 ni Àjàyí Crowther bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá parí. Ní 1857, nígbà tí iṣẹ́ ìyìn rere dé Oníṣà, kò gbé Yorùbá lọ bá wọn. J. C. Taylor, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ni ó fi síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti kọ ìwé ABD ní èdè Ìgbò. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fi èdè wa bá wa sọ̀rọ̀, níbo ni à bá wà lónìí?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ jẹ́ akọ̀wé ìjọ, ẹ máa fi pijin kéde pẹ̀lú. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà; ẹ dárúkọ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Kí a sì fi ẹ̀yà gbogbo sí ìgbìmọ̀ náà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Owó ìwàásù ọ̀nà jíjìn dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí a ń wá lọ ti wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Opó ẹlẹ́ja náà ṣì ń lọ sí ìsìn. Kí ìjọ tètè yíjú wo ẹ̀yìn kí ó tó dìde lọ.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.