Igi Tí A Fi Ń Pọn Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ẹ̀yin ará Èkó, àti ẹ̀yin oníṣòwò Ẹbúté Èrò àti Ìdúmọ̀tà, a ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ nípa ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: kì í ṣe nípa mímu rẹ̀, bí kò ṣe nípa igi tí a fi ń ṣe é. Ẹni tí ìsìn rẹ̀ kọ ọtí, kí ó má bínú sí wa. Irú igi kan náà ni a fi ń ro ọkà ní ilé rẹ̀.

Àwọn ìyá wa a máa rẹ àgbàdo sínú omi, wọn a tẹ́ ẹ sórí ewé títí yóò fi hù, wọn a sá a sí oòrùn, wọn a gún un, wọn a sè é, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Odó, ọmọ odó àti ọmọrogùn, igi ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n lónìí àwọn kan ń fi ọ̀pá irin po ọtí nínú korobá tí ọ̀dà ti wà rí. Ọtí kíkan a máa jẹ irin, korobá ọ̀dà kì í sì í ṣe ohun èlò oúnjẹ. Ṣé ohun tí ènìyàn yóò gbé ka iwájú àna rẹ̀ nìyẹn?

Ní tiwa, ó sàn kí olúkúlùkù gbẹ́ ọmọrogùn tirẹ̀. Kí ó gé ẹ̀ka igi ọsàn tàbí gúáfà, kí ó bó èèpo rẹ̀, kí ó sì gbé e sí ibòji kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí oòrùn líle a máa là á. Kí ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, kí ó sì fi yanrìn ha á títí yóò fi dán. Igi olóje, kí ó má ṣe lò ó rárá.

Igi a tún máa pa ìwúkàrà mọ́ sínú ara rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará Norway a máa ti òrùka onígi bọ inú ọtí, wọn a sá a gbẹ, wọn a sì fi í bẹ̀rẹ̀ ọtí mìíràn. Ní àríwá Gánà, okùn híhun ni àwọn obìnrin tí ń pọn pito ń lò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí ń pa rere mọ́ lè pa búburú mọ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ọmọrogùn ọtí má ṣe wọ ìkòkò ọbẹ̀. Kí a fọ̀ ọ́, kí a sá a gbẹ. Bí ó bá bu, kí a fi dáná.

Ní 1949 ni ilé ìpọntí Ìgánmú bẹ̀rẹ̀ sí ta ọtí Star. Ọkà bálì òkè òkun ni àwọn ilé ìpọntí wa gbẹ́kẹ̀ lé, títí ìjọba fi ka kíkó o wọlé léèwọ̀ ní 1988. Nígbà náà ni wọ́n yí padà sí ọkà bàbà àti àgbàdo, èyí tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá padà wá bá ọkà wa, ǹjẹ́ ó yẹ kí àwa tí a ni ín ju ọmọrogùn nù?

Ẹni tí odó ìyá rẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé, kí ó yọ ọ́ jáde, kí ó sì pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Ẹni tí kò bá ní, kí ó wá igi.