Àfọ̀jù Kì Í Ṣe Oògùn Èdà

"A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Bí aboyún bá gba ọjà Ìjerò, ti Arámọ̀kọ tàbí ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọjá, ìwúre tí àwọn àgbà ń ṣe fún un nìyí. Ìwúre náà dára. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó lè ba oyún jẹ́ láìpariwo, tí ìtìjú kì í jẹ́ kí àwọn obìnrin sọ: èyí ni àìsàn ojú ara àti ti ọrùn ilé-ọmọ.

Àwọn àgbà kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Bí omi bá ń dà lára obìnrin tí oyún kò sì dúró, èdà ni wọ́n ń pè é. Nínú ìwé tí Anthony Buckley kọ lórí ìṣègùn Yorùbá, tí ó jáde ní 1985, ó ṣàlàyé èrò àwọn onísègùn pé kòkòrò wà nínú ara gbogbo ènìyàn, wọ́n sì wúlò níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá pọ̀ jù. Ìgbà tí wọ́n bá kún àkúnya ni àìsàn dé.

Ìmọ̀ òde òní kò jìnnà sí èyí. Ní 1892, Albert Döderlein, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàpèjúwe bákítéríà rere tí ń gbé ojú ara obìnrin. Omi kíkan tí wọ́n ń ṣe ni kì í jẹ́ kí àwọn búburú ráyè. Bí àwọn rere bá dínkù, àwọn yòókù a gbilẹ̀. Omi aláwọ̀ eérú tí ń rùn bí ẹja lè máa jáde. Wọ́n lè gba ọrùn ilé-ọmọ gòkè, kí àpò omi bẹ́ láìtọ́jọ́, kí ọmọ sì dé ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1995, lára àwọn aboyún tí ó lé ní 10,000, fi hàn pé ewu bíbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tí kò sì tóbi fi ìdá 40 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tí ó ní àìsàn yìí.

Níbo wá ni àṣìṣe wà? Ó wà nínú fífọ inú ojú ara pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí oògùn apakòkòrò. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tí ó ń fọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lé ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún olè. Ojú ara ń fọ inú ara rẹ̀. Omi lásán lóde ti tó.

Oògùn àdálò náà kò bójú mu. Ìdánwò ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000 fi hàn pé fífún aboyún tí kò ní àmì àìsàn lóògùn kò dín ìbímọ àìpóṣù kù. Àyẹ̀wò ni ó yẹ kó ṣáájú. Bí ó bá sì jẹ́ atọ̀sí, tí ó lè ba ojú ọmọ jẹ́ nígbà ìbí, ọkọ náà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú, nítorí ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Nítorí náà, kí ìyá ọkọ tó gbé álọ́ọ̀mù fún ìyàwó, kí ó kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Kí olùkọ́ má tijú láti kọ́ ọmọge. Nígbà náà ni ìwúre àwọn àgbà yóò rí ẹsẹ̀ dúró lé.